Kí ẹ tó gbé wa gun ẹṣin: lẹ́tà ṣíṣí sí gbogbo olùkọ́ ẹṣin gígùn

Ẹ̀yin olùkọ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín kò rọrùn. Ẹ ó mójú tó ènìyàn tí ẹ̀rù ń bà, ẹ ó mójú tó ẹranko tó tó 500 kílò, ẹ ó sì máa ṣọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má fara pa. Nítorí náà, kì í ṣe ìjà ni mo gbé wá. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní, mo sì fẹ́ bẹ̀ yín ní gbangba kí ẹlòmíràn lè bá mi dá sí i: kí ẹ tó gbé wa gun ẹṣin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wa bí a ṣe ń ka ẹṣin. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, àti ìkejì, àti ìkẹta bó bá gbà bẹ́ẹ̀, wáyé lórí ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, láìsí gàárì nítòsí rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹṣin gígùn gan-an ni wọ́n gbé mi sórí abo ẹṣin pupa kan. Mi ò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbẹ̀ tí mo fi wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fi okùn ìjánu lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní bí mo bá fẹ́ kó rìn, kí n fi gìgísẹ̀ gún un. Bí mo bá fẹ́ kó dúró, kí n fà á. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi dùn débi pé mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, abo ẹṣin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Bí mo bá ti gbé gàárì yọ, á da etí sẹ́yìn. Bí mo bá ń so okùn gàárì mọ́ ọn níkùn, á yí orí bọ̀ bí ẹni fẹ́ gé mi jẹ. Bí mo bá gùn ún tán, á máa na ìrù lọ na ìrù bọ̀, á máa la ẹnu, ìrìn tó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ sì di ìrìn ẹni tó tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀. Mo bi olùkọ́ mi. Ó ní, "Oríkunkun ni. Ó ń dán ẹ wò ni. Jẹ́ kó mọ̀ pé ìwọ lọ̀gá." Ó na pàṣán sí mi. Mo gbà á, mo sì lò ó.

Ìgbà tó yá ni oníṣègùn ẹranko kan tó bá nǹkan mìíràn wá fi ìka méjì tẹ ẹ̀yìn abo ẹṣin náà. Kò tẹ̀ ẹ́ le o. Gbogbo ara ẹṣin náà gbọ̀n, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wọlé bí ìgbà tí iná jó o. Gàárì tí à ń dì fún un kò bá a mu. Ó ti ń tẹ ẹran ara rẹ̀ mọ́ egungun tipẹ́tipẹ́. Ohun tí mo ń pè ní oríkunkun, ìrora ni. Ojú mi méjèèjì ló rí gbogbo rẹ̀, mi ò kàn lè kà á ni. Ohun tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn: lójoojúmọ́ ni ẹṣin yẹn ń sọ ọ́ fún mi, pàṣán ni mo sì fi ń dá a lóhùn.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn tó lẹ́nu tó fi ń sọ̀rọ̀, mélòómélòó ni ti ẹṣin. Bí ẹ bá tẹ ajá nírù, ilé á gbọ́. Ẹṣin tí ara ń ro kì í sábà ké. Láti ìgbà ìwásẹ̀ ni àwọn ẹranko apẹran ti ń dọdẹ rẹ̀, èyí tó bá sì fi àìlera rẹ̀ hàn láàárín agbo ni wọ́n ń kọ́kọ́ dójú lé. Nítorí náà, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀: awọ òkè ojú tó ká jọ di igun, ihò imú tó fún pọ̀, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tó le gbagidi, ìrù tó lẹ̀ mọ́ ìdí. Etí rẹ̀ méjèèjì ń dá yí, ọ̀kan lè wà níwájú kí èkejì wà lẹ́yìn; ibi tí etí bá kọjú sí ni ọkàn rẹ̀ wà. Ẹṣin tó da etí kan sẹ́yìn sí ẹni tó gùn ún lè máa fetí sí i ni. Ẹṣin tó da etí méjèèjì sẹ́yìn tó sì fi wọ́n lẹ̀ mọ́ ọrùn, ọ̀rọ̀ mìíràn lòun ń sọ. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yìí, kò sí ẹni tó fi hàn mí rí.

Kì í sì í ṣe pé ìmọ̀ kò sí. Ní ọdún 2018, Sue Dyson, oníṣègùn ẹranko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àkójọ ìwà 24 kalẹ̀ tí ènìyàn lè máa wò lára ẹṣin tí wọ́n ń gùn: etí tó wà lẹ́yìn fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu tó ń là tó ń pa, ìrù tí ń nà kíkan, ojú tó ranjú mọ́ ibì kan, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn bá hàn lára ẹṣin kan, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé ibì kan ń dùn ún nínú iṣan tàbí egungun. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni mo ka àkójọ náà. Mo ń ka àmì kọ̀ọ̀kan, ojú abo ẹṣin pupa yẹn ló ń yọ sí mi.

Ẹ kọ́ wa bí ẹṣin ṣe ń ríran pẹ̀lú. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, kì í ṣe iwájú bíi tiwa, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí gbogbo àyíká rẹ̀ tán láìyí ọrùn: nínú dígíríì 360, ó ń rí bíi 350. Àmọ́ ibi tí kò rí ṣe pàtàkì: gangan iwájú orí rẹ̀, abẹ́ imú rẹ̀, àti ẹ̀yìn ìrù rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ọmọdé máa ń ṣe bó bá kọ́kọ́ pàdé ẹṣin. Á sáré wá láti iwájú, á na ọwọ́ sí àárín ojú méjèèjì, ibi tí ọwọ́ yẹn ti pòórá mọ́ ẹṣin lójú. Ẹṣin á gbé orí sókè, wọ́n á sì ní ó burú. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ èjìká wọlé, tó rọra ń bọ̀, tó dúró díẹ̀ kí ẹṣin na imú gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, tó wá họ ọ́ lára níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn, ó ti kí ẹṣin ní èdè tí ẹṣin gbọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ẹṣin fúnra wọn ti máa ń bá ara wọn họ ara. Àwọn olùwádìí kan tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1993 pé bí wọ́n bá họ àwọn ẹṣin Camargue ní ilẹ̀ Faransé níbẹ̀, ọkàn wọn máa ń rọra lù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi ibẹ̀ yẹn han akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ́jọ́ kìíní. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ọ̀rọ̀ ara náà ń bẹ. Bí eṣinṣin kan ṣoṣo bá bà lé ẹṣin, ibi tó bà lé nìkan ni awọ rẹ̀ máa gbọ̀n. Ara tó mọ ìwọ̀n eṣinṣin, kí ló fẹ́ fi gìgísẹ̀ tí a ń jàn mọ́ ọn bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ṣe?

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹṣin kan tí ìtàn rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ní Berlin, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, bàbá kan tó jẹ́ olùkọ́ wà, Wilhelm von Osten, tó ní ẹṣin tó ń jẹ́ Hans. Hans mọ ìṣirò. Bí wọ́n bá bi í ní iye tí mẹ́ta àti mẹ́rin jẹ́, á fi pátákò ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀meje, á sì dúró. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó títí, wọn ò rí jìbìtì kankan níbẹ̀. Oskar Pfungst ló tú u wò, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1907. Ó rí i pé bí ẹni tó ń bi Hans ní ìbéèrè kò bá mọ ìdáhùn, Hans náà kì í mọ̀ ọ́n. Bí Hans kò bá rí ẹni náà, kì í mọ̀ ọ́n. Ojú ènìyàn ló ń kà. Bí Hans bá ti lu ilẹ̀ dé iye tó tọ́, orí olùbéèrè á sún díẹ̀, ìwọ̀nba tí òun fúnra rẹ̀ kò lè mọ̀ pé òun ṣe é. Hans á rí i, á dúró. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé lẹ́yìn tí Pfungst ti mọ àṣírí náà, tó sì ń gbìyànjú láti má ṣe mira, ara rẹ̀ ṣì ń sọ ọ́ fún ẹṣin.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn ẹ̀tàn, pé Hans kò gbọ́n tó bí wọ́n ṣe rò. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Mo rí ẹṣin tó ka ènìyàn débi tí ènìyàn kò lè ka ara rẹ̀ dé. Gbogbo ilé ẹṣin tí ẹ wà ló kún fún Hans. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìbẹ̀rù mú, tó ń fún èémí sínú, tó wá ní "ara mi balẹ̀", ẹ̀yin lè gbà á gbọ́; ẹṣin tó jókòó lé kò ní gbà á gbọ́. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sussex fi àwòrán ojú ènìyàn han ẹṣin 28. Níwájú ojú tó ń bínú, ọkàn àwọn ẹṣin náà tètè yára sí i, wọ́n sì sábà ń fi ojú òsì wò ó, èyí tí wọ́n máa ń fi wo ohun tó bá kọ wọ́n lóminú. Ní 2018, wọ́n fi hàn pé bí ẹṣin bá ti rí àwòrán ẹnì kan tó ń bínú láàárọ̀, tí ẹni náà gan-an wá dé lọ́sàn-án láìfajú ro rárá, ẹṣin náà kò gbàgbé.

Ìdí nìyí tí gbólóhùn kan nínú èdè wa fi máa ń mú mi ronú. Bí a bá fẹ́ kí ẹnì kan ṣẹ́gun ìbínú rẹ̀, a máa ń sọ pé kó kó ara rẹ̀ ní ìjánu. Àwọn tó dá gbólóhùn yẹn mọ ẹṣin. Ẹnu ènìyàn ni wọ́n fi ìjánu sí. Xenophon, ará Gíríìsì tó gbé ayé ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìbínú bá ẹṣin lò. Nígbà tí mo gba pàṣán yẹn lọ́wọ́ olùkọ́ mi, inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí nítorí pé àwọn ènìyàn ń wò wá. Ẹṣin náà kà á lójú mi kí n tó gbé ọwọ́ sókè.

Bí ẹ bá wá fẹ́ fi ìjánu lé wa lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ kọ́ wa ní ìgbà tó yẹ ká dẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí a fà á nìkan ni wọ́n máa ń kọ́ wa. Bẹ́ẹ̀, ẹṣin kì í kọ́ nǹkan níbi tí a ti fà á. Ibi tí a ti dẹ ọwọ́ ló ti ń kọ́ ọ. Bí mo bá rọra fà á, tó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, tí ọwọ́ mi sì rọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ti gbọ́ mi: ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá fi ẹsẹ̀ sẹ́yìn tí mo ṣì ń fà, ohun tó kọ́ ni pé ìdáhùn òun kò wúlò. Á tún gbìyànjú nǹkan mìíràn, á gbé orí sókè, á la ẹnu, ọwọ́ mi ṣì le. Nígbà tó bá yá, á jáwọ́. Ẹnu rẹ̀ á le, a ó sì lọ ra irin ìjánu tó tún mú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tàbí kó dákẹ́ pátápátá, kó máa rìn bí ohun tí kò sí nínú ara rẹ̀, kí àwa sì máa yìn ín pé ẹṣin onísùúrù ni, pé ọmọdé lè gùn ún. Mo ti rí irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ púpọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni. Ẹ wo ojú wọn dáadáa. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ títí, wọn ò rí ẹni gbọ́, wọ́n sì ti dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ "ọ̀wọ̀" náà, ẹ jẹ́ ká tún un wò. Wọ́n máa ń ní kí ẹṣin bọ̀wọ̀ fún wa. Wọ́n á lé e yípo inú ọgbà títí á fi máa lá ètè tí á sì máa jẹnu wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n á ní, "Ó ti gbà wá lọ́gàá báyìí." Àwọn tó ń wo ẹṣin tí kò sí lábẹ́ ènìyàn rí i pé lílá ètè yẹn máa ń wáyé nígbà tí ara ń bọ̀ sípò lẹ́yìn ìpayà. Ìpayà ń gbẹ ẹnu. Bó bá lọ, itọ́ á padà, ẹṣin á sì lá ètè. Ohun tí à ń pè ní ọ̀wọ̀, ẹ̀rù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lára ni. Ní tèmi, ọ̀dọ̀ wa ló yẹ kí ọ̀wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó sì túmọ̀ sí ni pé ká lè bi ẹṣin ní nǹkan, ká sì gbà bó bá ní rárá.

Ẹ lè bi mí pé báwo ni ẹṣin ṣe máa ní rárá. Ní ilẹ̀ Norway, àwọn olùwádìí kan kọ́ ẹṣin 23 ní àmì mẹ́ta lára pákó funfun: ìlà ìbú, kí ẹ da aṣọ bò mí, ìlà òòró, kí ẹ bọ́ aṣọ lára mi, pákó lásán, kí ẹ fi mí sílẹ̀ bí mo ṣe wà. Ẹṣin á fi imú kan èyí tó bá fẹ́. Láàárín ọjọ́ 14, gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí oòrùn ràn, wọ́n ní kí wọ́n bọ́ aṣọ. Nígbà tí òjò àti atẹ́gùn tútù dé, wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún aṣọ. Ọdún 2016 ni wọ́n gbé e jáde. Nígbà tí mo kà á, mo fi ìwé náà sílẹ̀, mo jókòó fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà mélòó ni àwọn ẹṣin ti ń sọ irú nǹkan báyìí láìní pákó kankan, tí a ń rò pé wọn ò ní èrò?

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo ní 2021, nínú eré tí wọ́n ń pè ní modern pentathlon, eré ẹ̀ka márùn-ún tí ẹṣin gígùn wà lára rẹ̀ nígbà náà. Òfin eré náà nígbà yẹn ni pé kí wọ́n fi ìbò pín ẹṣin àjèjì fún olùdíje, kí òun àti ẹṣin náà sì fi ìṣẹ́jú 20 mọ ara wọn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fo igi. Obìnrin ọmọ Jámánì tó wà níwájú gbogbo wọn gun ẹṣin kan tó kọ̀ jálẹ̀. Obìnrin náà ń sunkún, ó ń na ẹṣin ní pàṣán, olùkọ́ ẹgbẹ́ wọn sì fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ẹṣin náà láti ẹ̀yìn ọgbà. Wọ́n lé olùkọ́ yẹn kúrò nínú ìdíje náà. Gbogbo ayé bá wọn wí. Lẹ́yìn Òlíḿpíìkì Paris ti 2024, wọ́n yọ ẹṣin kúrò nínú eré náà pátápátá. Mo ṣàánú ẹṣin yẹn, mo sì ṣàánú obìnrin yẹn. Ètò tó ní ìṣẹ́jú 20 tó fún ẹ̀dá méjì láti gbọ́ ara wọn yé, òun ni mo bá wí. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún èmi.

Òwe kan wà tí ẹ fẹ́ràn láti máa pa fún wa: bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn. Òótọ́ ni, ó máa ń fún ènìyàn ní ìgboyà, mi ò ní kí ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ẹṣin pé kí ló dé. Ṣé gàárì ni? Ṣé eyín ni? Ṣé okùn tó wà lórí imú rẹ̀ fún un jù, tí ìka méjì kò lè wọ abẹ́ rẹ̀? Ṣé ẹni tó gùn ún ló wúwo jù, tàbí ló jókòó gbáà lé e lẹ́yìn? Ṣé ó ti wà nínú yàrá láti àná láìjáde, láìrí ẹṣin ẹgbẹ́ rẹ̀? Bí ẹṣin bá wà ní pápá, ó lè lo wákàtí 16 lójúmọ́ lórí koríko jíjẹ. Ikùn rẹ̀ kéré, omi kíkan tó wà níbẹ̀ kì í sì í dáwọ́ dúró, ì báà jẹun, ì báà má jẹun. Ẹṣin tí kò rí koríko fún wákàtí púpọ̀ lè ní ọgbẹ́ nínú ikùn, ẹni tó bá sì wá fi gàárì dì í ní àkókò yẹn, orí ọgbẹ́ ló dì í lé. Kò sí ọgbọ́n ìgùnṣin tó lè tún ìyẹn ṣe láti òkè.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó ní akẹ́kọ̀ọ́ sanwó kó lè gun ẹṣin, pé bí ẹ bá ní kó dúró lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Àwọn kan á lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò pẹ̀lú ìlàjì wákàtí. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí ẹnu ọgbà, kó má sọ̀rọ̀, kó máa wo ẹṣin méjì tí ń jẹko. Ẹ bi í pé ta ló kọ́kọ́ sún, ta ló yà fún ta, etí ta ló yí nígbà tí ilẹ̀kùn dún. Mo ti bá àwọn ọmọdé ṣe é. Wọn kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ọmọ kan tí kò ju ọdún mẹ́jọ lọ ló fi hàn mí pé ẹṣin kan kì í fi gbogbo ara tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú rẹ̀. Àwa àgbà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, a ò rí i.

Abo ẹṣin pupa yẹn ṣì wà láàyè. Ó ti dàgbà, ẹnikẹ́ni kì í gùn ún mọ́. Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹṣin lè sùn lóòró, pé kì í dùbúlẹ̀ wọnú oorun tó jinlẹ̀ àfi bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ sí ibi tó wà àti sí àwọn tó wà níbẹ̀. Fún ọdún púpọ̀, bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ mi, á dìde. Mi ò bá a wí, mi ò mú nǹkan kan lọ́wọ́, mo kàn ń jókòó sẹ́bàá ọgbà rẹ̀ láàárọ̀. Ní ọjọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí, mo dé, ó wà nílẹ̀, ó gbójú sókè, ó wò mí, ó sì tún fi orí rẹ̀ lélẹ̀.

Èmi ni, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín.